Ọkọ̀ àtijọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí iyì wọn ju owó wọn lọ: Morris Minor, MGB GT, Rover P6 tàbí Jaguar XJ-S?

Fọ́tò kan wà nínú àpótí ìyá mi tí mo máa ń yọ wò nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn. Bàbá mi wọ agbádá, ó fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì Morris Minor kan tó jẹ́ ti ọ̀gá iléèwé tí ó ti ń ṣe tíṣà. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe dúró tì í, ẹ óò búra pé òun ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo ti ń gbé ní Kent, mo rí irú ọkọ̀ yẹn gan-an níwájú ilé ẹnìkan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé títà ni. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tó èyí tí ọ̀rẹ́ mi fi ra Toyota tó ti lo ọdún 7. Ó yà mí lẹ́nu gidi. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, n kò sì tíì dáwọ́ dúró títí di òní.

Ọjà ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ṣe ojúsàájú. Jaguar E-Type àti Aston Martin DB5 ni gbogbo ayé ń lé, olówó ló sì ń bá olówó du ìyẹn. Àwọn ìbátan wọn wà ní ìdí ibẹ̀ tí ẹni tó ń gba owó oṣù lè rà. Kì í sábà jẹ́ àìdára ló mú owó wọn wálẹ̀. Àwọn kan pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n tó lókìkí tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn jogún orúkọ burúkú British Leyland, ilé iṣẹ́ tí wọ́n da pọ̀ lọ́dún 1968, tí ìyanṣẹ́lódì àti gbèsè wá dà láàmú títí ìjọba fi ní láti gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ẹni tó bá mọyì wúrà là ń tà á fún. Àwọn tó mọyì àwọn ọkọ̀ yìí kò tíì pọ̀, ìyẹn ló ṣe ṣeé rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ gbé e sọ́kọ̀ ojú omi lọ sílé kí àwọn àgbà lè fojú rí i. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà, Nàìjíríà sì ti fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ láti 2 April 1972. Ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni mẹkáníìkì wọn àti páàtì wọn wà.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n wọn

Ara ọkọ̀ ni mo fi ṣáájú, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ́ńjìnì ọ̀pọ̀ nínú wọn rọrùn láti tú, rọrùn láti tò padà. Irin tó ti dípẹtà ló ń jẹ owó. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà pupa fòò, ó ń kọ mànà. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kò pé oṣù 3 tí wẹ́dà fi sikurudiráfà gún ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ (irin tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá), irin náà sì wọlé bí àkàrà tó ti rẹ sómi. Bọ́dì fílà ni wọ́n fi dí gbogbo ihò, kí wọ́n tó kùn ún ní ọ̀dà. Owó tí mo fi jó irin náà ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ wo ọkọ̀, mo máa ń mú òòfà kékeré kan tí mo fi aṣọ wé dání. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, bọ́dì fílà ló wà níbẹ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń sún ọjọ́ náà síwájú, nítorí omi a máa mú kí ọ̀dà burúkú dán bí èyí tó dára. Mo sì máa ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo àkọsílẹ̀ MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ohun tí olùtajà gbàgbé láti sọ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Èkejì ni páàtì, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ọkọ̀ tó pọ̀ láyé àtijọ́ ni páàtì rẹ̀ pọ̀ lónìí, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kí ẹ kórìíra ọkọ̀ tó pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí yóò máa ná yín lẹ́yìn tí ẹ bá rà á. Níbí, òfin ṣàánú ọkọ̀ àgbà. Bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún 40, ẹ lè ní kí DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, yí i sí ipò ọkọ̀ ìtàn, ẹ ò sì ní san owó orí ọkọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè o, kì í yí fúnra rẹ̀. Láti May 2018, MOT kò pọn dandan fún un mọ́, bí wọn kò bá ti tún un ṣe kọjá ààlà láàárín ọdún 30 tó kọjá. Mo ṣì ń gbé tèmi lọ lọ́dọọdún, nítorí ojú ẹlòmíràn máa ń rí ohun tí ojú mi fò. Ọkọ̀ ìtàn kì í san £12.50 ULEZ, owó ojúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n nà dé gbogbo London ní August 2023. Bí ẹ bá sì tà á ní èrè, ìjọba kì í gba owó orí lórí èrè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni.

Ní ti adójútòfò, ẹ béèrè fún irú èyí tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà ti jọ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, iye ògbólógbòó ni wọ́n máa san. Epo náà yí padà: láti September 2021, E10 ni epo bẹntiróòlù lásán ní Gẹ̀ẹ́sì, ọtí inú rẹ̀ sì máa ń jẹ rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́. E5, tí ọtí rẹ̀ kéré tó sì wọ́n díẹ̀, ni kí ẹ máa rà.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbé ayé yín. Ṣé ẹ ní gáréèjì, àbí etí títì lọkọ̀ yóò máa sùn? Ṣé ọjọ́ Sunday nìkan ni, àbí ẹ fẹ́ máa fi gbé ìdílé lọ sóde?

Morris Minor

Alec Issigonis ló yà á, ẹni tó wá ṣe Mini lọ́dún 1959. Wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Earls Court, London, lọ́dún 1948. Ìtàn kan wà lára rẹ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ yín kàn. Nígbà tí iṣẹ́ ti ń parí lọ, Issigonis wò ó pé ọkọ̀ náà tín-ín-rín jù. Ó ní kí wọ́n rẹ́ ẹ sí méjì lóòró, kí wọ́n sún ìdajì kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì títí tó fi wù ú, àlàfo àárín wọn sì wá jẹ́ ínǹṣì 4. Ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí ibi pẹlẹbẹ kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá: ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́.

Òun ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó pé mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ṣe é ju mílíọ̀nù 1.6 lọ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1971. Ọ̀pọ̀ yẹn ló jẹ́ kí owó rẹ̀ rọ̀: onílẹ̀kùn mẹ́rin tó dáa sábà máa ń wà láàárín £4,000 sí £7,000. Páàtì kò wọ́n rárá. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ óò rí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ọwọ́ yóò wọ ibi gbogbo láìfarapa. Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà rẹ̀, bí ọ̀kan bá bàjẹ́ ẹ tú u, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹni tí kò tíì di sípánà mú rí lè kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀, èyí sì níye lórí lójú mi ju eré sísá lọ.

Èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1098cc, láti 1962 síwájú, ni kí ẹ wá. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò lágbára tó fún títì òde òní. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, máìlì 60 ní wákàtí kan ni ara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀ jù. Búréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ẹ máa fi àyè sílẹ̀ níwájú. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú di: orúnkún tí táyà iwájú ń yí lé lórí gbọ́dọ̀ máa mu gírísì lóòrèkóòrè, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo máìlì 1,000. Bí ó bá gbẹ tó sì jẹ, ó lè já, táyà yóò sì wó sábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 ni gírísì náà.

Èyí tó ní pákó lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Traveller, máa ń fa ojú àwọn èèyàn wa. Ẹ ṣọ́ra. Pákó áàṣì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Tó bá ti jẹrà, ọkọ̀ kò ní yege MOT, pípààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sì ń jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ẹ fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ pákó náà níbi tí omi ń dúró sí, ibi tó bá ti dúdú tó sì rọ̀, ẹ máa lọ.

MGB GT

Èyí ni mò ń wà lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mi. MGB aláìlórùlé jáde lọ́dún 1962. GT onórùlé tẹ̀ lé e lọ́dún 1965, Pininfarina ará Ítálì ló bá wọn ya òrùlé rẹ̀. Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì títí di 1980, wọ́n sì ju 500,000 lọ. Irin kan náà, ẹ́ńjìnì 1798cc kan náà. Síbẹ̀ aláìlórùlé ló wọ́n jù. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ tó báyìí, tí èyí tó ní òrùlé sì dùn ún wò jù lójú mi, n kò tíì rí ìdí tó mọ́gbọ́n dání fún un. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí ẹ óò fi rà tiyín.

Ohun tó gbé MGB ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni pé kò sí páàtì rẹ̀ tí ẹ ò ní rí. Láti 1988 ni British Motor Heritage ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀rin àtijọ́ tẹ ara MGB tuntun jáde. Ọkọ̀ tí èèyàn lè ra gbogbo ara rẹ̀ ní tuntun lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa kò wọ́pọ̀ láyé.

Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ fi ojú sí. Ipele irin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, agbára gbogbo ọkọ̀ sì dúró lé e. Wẹ́dà aláìṣòótọ́ á jó ipele ìta nìkan, á sì fi àwọn ti inú sílẹ̀ láti máa jẹrà lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òun àti fẹ́ńdà. Bí àlàfo náà bá fún lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn ń ha nǹkan, àárín ọkọ̀ ti ń rọ̀.

Láti ìparí 1974 ni wọ́n ti fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú rọ́pò ti fàdákà, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà ga sókè nítorí òfin Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni àwọn oníyangàn kì í fẹ́, nítorí náà òun ló pọ́ọ́kú jù. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju £5,000 tàbí £6,000 lọ, GT onírọ́bà tí ara rẹ̀ gbẹ dára ju onífàdákà tó ti jẹrà lọ fíìfíì. Kí ẹ wá èyí tó ní overdrive, ìyẹn gíà àfikún fún eré gígùn. Lórí títì ńlá, ó máa ń mú kí ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, epo yóò sì pẹ́ díẹ̀.

Àga ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọdé ni ó wà fún. Ìyá tó wé gèlè kò lè jókòó síbẹ̀, kódà níwájú òrùlé yóò bá gèlè jà.

Rover P6

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni ọjà rẹ́ jẹ jù nínú gbogbo wọn, Rover P6 ni n óò nàka sí. Ó jáde lọ́dún 1963. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan Ọkọ̀ Ọdún fún gbogbo Yúróòpù, lọ́dún 1964, òun ni wọ́n mú. Búréèkì dísìkì wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé ṣì ń lo dúrọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ dà bíi pálọ̀: àga mẹ́rin tó gbá èèyàn mú, àgbàlagbà mẹ́rin sì gba ibẹ̀ dáadáa. Karùn-ún kọ́.

Ẹ́ńjìnì méjì ni kí ẹ mọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2000 ní sìlíńdà mẹ́rin, ara rẹ̀ balẹ̀, kò jẹ epo púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 3500, láti 1968, ní V8, ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí Rover rà lọ́wọ́ General Motors ní Amẹ́ríkà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ẹ́ńjìnì yìí ni wọ́n fi sí Range Rover lọ́dún 1970, wọ́n sì ń ṣe é títí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí P6 ti parí ní 1977. Ìyẹn ni ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò fi ṣọ̀wọ́n. Àṣà ilé wa láti bu omi ẹ̀rọ sí rédíétọ̀ kò bá a mu rárá. Omi tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, tí kì í sì í jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹ, ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ara rẹ̀ náà ni ewu rẹ̀. Egungun irin kan wà nínú, wọ́n wá fi bóòtù de ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà àti òrùlé mọ́ ọn lára. Èèyàn lè tú gbogbo awọ yẹn, kó fi tuntun sí i, kí egungun inú sì ti jẹ tán. Mo ti rí P6 tó ń dán tí egungun rẹ̀ kò ṣeé gún lábẹ́rẹ́. Ẹ gbé tìmùtìmù àga ẹ̀yìn sókè, kí ẹ wo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ awọ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ ṣe é ti dá yín lóhùn.

Búréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí nídìí táyà. Àárín ọkọ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ẹ̀yìn, iṣẹ́ rẹ̀ sì le. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, kí ẹ sì gba rísíìtì rẹ̀. £4,000 sí £8,000 lè gba èyí tó dáa, V8 ni yóò wà lókè. Fún ọkọ̀ tó gbọ́n tó báyìí, owó yẹn kéré.

Jaguar XJ-S

Wọ́n mú un jáde ní September 1975 láti gba ipò E-Type, ìyẹn ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn ń retí E-Type mìíràn. Ọkọ̀ ìrìn àjò jíjìn, tó nípọn tó sì rọ̀ bí ìrọ̀rí, ni wọ́n rí. Malcolm Sayer tó ya E-Type gan-an ló bẹ̀rẹ̀ yíyà rẹ̀ kó tó kú lọ́dún 1970. Ọdún 21 ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ju E-Type lọ ní iye. Lónìí, owó E-Type kan tó dáa lè ra mélòó kan nínú rẹ̀.

Owó tí ẹ fi rà á kọ́ ni owó rẹ̀ o. Ẹ́ńjìnì V12 rẹ̀, onísìlíńdà méjìlá, lítà 5.3, lè má rìn ju máìlì 12 sí 15 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ó kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ẹnu, ooru rẹ̀ ń sun rọ́bà àti wáyà, iṣẹ́ tó jẹ́ wákàtí kan lára MGB lè gba odindi ọjọ́ níbí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, ẹ wá sìlíńdà mẹ́fà 3.6 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ẹ sì ka ọdún XJ-S yòówù tí ẹ bá rí dáadáa: ti 1984 ti wọ ipò ọkọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n ti 1995 kò tíì wọ̀ ọ́, ẹ óò san owó orí rẹ̀, àti £12.50 ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá wà á nínú London.

Tó bá ti wà níwájú ilé yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sí ọkọ̀ tí yóò gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn náà.

Méjì mìíràn tí wọ́n máa ń bi mí

Triumph Stag lẹ́wà, V8 rẹ̀ sì lókìkí fún gbígbóná jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti wá ọ̀nà àbáyọ sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ náà ti gòkè, n kò kà á sí ohun tí ọjà fojú fò mọ́. Reliant Scimitar GTE ni kí àwọn tí kò ní gáréèjì rò: fáíbà ni ara rẹ̀, kì í dípẹtà, ẹ́ńjìnì V6 Ford ló sì wà nínú rẹ̀. Princess Anne wa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irin abẹ́ rẹ̀ ṣì lè jẹrà, nítorí náà ẹ dùbúlẹ̀ wò ó bíi tàwọn yòókù.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú fún un lọ́jọ́ Saturday, kó ra Morris Minor onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹni tó dá wà tàbí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan fẹ́ máa jáde lọ sí Wales tàbí Cornwall, MGB GT ni kó mú, onírọ́bà bí owó bá kéré. Ẹni tó fẹ́ gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ sóde pẹ̀lú iyì, tó sì ní sùúrù láti wo egungun mẹ́wàá kó tó rà ọ̀kan, kó wá Rover P6. Ẹni tó ti ní ọkọ̀ ojoojúmọ́ mìíràn, tó ní gáréèjì, tó sì lè ya £2,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láìronú, òun nìkan ni mo lè sọ fún pé kó ra XJ-S. Ẹni tí etí títì lọkọ̀ rẹ̀ ń sùn, kó lọ bá Scimitar.

Ní tèmi, MGB kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n mo ń wá Morris bíi ti inú fọ́tò yẹn. Mo ti wo mẹ́ta lọ́dún yìí. Òòfà kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀kankan nínú wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílé, mo sì padà sílé pẹ̀lú owó mi.